Obìnrin Tó Ń Ṣa Ẹ̀wà

Òórùn ọ̀dà tútù ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Dára, ọmọ ọmọ mi, ló mú mi wọ bọ́ọ̀sì láti Longsight lọ wo iṣẹ́ gbajúmọ̀ ayàwòrán kan tí wọ́n kó wá sí ìgboro Manchester. Wọ́n ń kun ògiri lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Bí òórùn yẹn ṣe wọ imú mi báyìí, ó di agboolé wa l'Ábẹ́òkúta.

Ibẹ̀ ni ayàwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò, tí ọ̀dà á kún irùngbọ̀n rẹ̀ bí ọmọ tó fi ẹ̀kọ ra gbogbo ẹnu. Àwòrán ọba lórí ẹṣin ló sọ ọ́ dolókìkí. Ṣùgbọ́n tọ́jọ́ bá rọlẹ̀, àwọn ìyá agboolé ni ọkùnrin náà máa ń rọra yà. Ẹni tó yà jù ni Ìyá Súlè, tí wọ́n tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Súlè fúnra rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ la fi ń pè wọ́n láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n sì ń dáhùn.

Ní Manchester níbẹ̀, èrò pọ̀ nídìí àwòrán àwọn ẹṣin. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn, tẹ́nikẹ́ni ò yà sí, mo rí àwòrán Ìyá Súlè, atẹ ẹ̀wà lórí itan wọn, wọ́n ń ṣa òkúta, àpá àtàǹpàkò wọn hàn kedere. Omijé bọ́ lójú mi. Lábẹ́ àwòrán náà, ohun tí wọ́n kọ ni pé obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà ni, a ò morúkọ rẹ̀.

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Èmi mọ̀ wọ́n!"

Obìnrin òyìnbó tó ń mójú tó yàrá náà sáré wá, ó fa bírò yọ. "Oh, wonderful! What was her name?"

"Ìyá Súlè."

Dára fọwọ́ kàn mí. "Grandma, that's just Súlè's mum. Orúkọ tiwọn gan-an ńkọ́?"

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọmọ wo ló jẹ́ pe àgbà lórúkọ nígbà yẹn? Mo fóònù àbúrò mi nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Súlè la mọ̀ wọ́n sí o. Ta la tún fẹ́ bi? Gbogbo wọn ti lọ tán."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ki bírò rẹ̀ bọ àpò.

Inú bí mi. Ó bí mi sí ayàwòrán tó rí àpá àtàǹpàkò wọn yà, tí kò bèèrè orúkọ wọn. Ó bí mi sí èmi náà, tí mo jẹ oúnjẹ wọn dàgbà. Ọ̀wọ̀ la pè é, òun náà la sì fi pa wọ́n rẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí fún Dára, mo ní kó pè é kí n gbọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester, tó ń pe tíṣà rẹ̀ lórúkọ, tí kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, tí kì í jẹ ẹ̀wà, fọwọ́ bo ẹnu.

"Ah, Grandma! Mi ò lè pe orúkọ yín. It's rude."

Nínú gbogbo ohun tá a gbé wá láti ilé, èyí ló dì mú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí a fi sọ̀ ní Longsight. Kò pè é.