Bí Bàbá Ọkọ Mi Ṣe Sá fún Ọ̀fìnkìn

"Ẹ sín síta kẹ́ ẹ tó wọlé!" Bí bàbá ọkọ mi ṣe máa ń kí àlejò nìyẹn nílé wa ní Ẹnu Ọwá.

Àwọn dókítà kan ló ń wádìí bóyá ọ̀fìnkìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ọpọlọ èèyàn, kó wá fa rọpárọsẹ̀. Wọ́n nílò àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, tí wọ́n máa fi wé àwọn tó ti ní àìsàn náà, ni wọ́n bá yan Bàbá, wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan á wá bi wọ́n bóyá ọ̀fìnkìn ti mú wọn. Bàbá wá ń ṣe bí ẹni tó jẹ oyè. Wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so áńkáṣífì mọ́ imú. Lójú tiwọn, bí ọ̀fìnkìn bá mú wọn pẹ́nrẹ́n, orúkọ wọn ti kúrò nínú ìwé àwọn dókítà nìyẹn. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló rán ẹ sí mi?"

Àfi bí ọ̀fìnkìn ṣe mú ọmọ mi, tí kò tíì pé ọdún kan. Ojú fèrèsé ni Bàbá ti ń juwọ́ sí i: "Àlájì mi, ṣe sùúrù, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì dé!" Ọmọ á nawọ́ sí wọn, á máa ké. Àánú àwọn méjèèjì ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù dé, ọmọ yìí rákòrò lọ bá Bàbá, ó di ṣòkòtò wọn mú, ó bú sẹ́kún. Bàbá wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo ọmọ. Wọ́n tú áńkáṣífì, wọ́n gbé e mọ́ra. Ni ọmọ bá sín sí wọn lójú, hẹ̀ẹ́ṣì!

Nọ́ọ̀sì rọra bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ọ̀fìnkìn ti mú yín lọ́sẹ̀ yìí?"

"Kò tíì mú mi," ni Bàbá wí, wọn ò gbé ọmọ sílẹ̀. "Ẹ tètè kọ ọ́ kó tó dé."