Ará Switzerland Tó Lé Mi Lórí Àga

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Manchester. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn mí, kò sì sẹ́ni tó gbójúgbóyà bi mí léèrè.

Òkú ló ba tèmi jẹ́, olóṣèlú ará Switzerland kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ọmọ ìlú wa obìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì ló ń kọ̀wé nípa ẹ̀. Tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ò tíì dé Wythenshawe, àdúgbò wa, nígbà yẹn. Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ní kó sọ díẹ̀ fún wa ká tó jẹun.

Ó ní lọ́yà ni ọkùnrin náà, ìgbìmọ̀ abúlé ló ti bẹ̀rẹ̀, títí tó fi di ọ̀kan nínú àwọn méje tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe ààrẹ. Nígbà tí ọdún tiẹ̀ pé, ó dìde fún ẹlòmíì.

"Wọn ò lé e?" ni mo bi í.

"Wọn ò lé e, Bàbá."

Mo pòṣé. Ààrẹ radaràda! Kò sí ọlọ́pàá tó ń sáré níwájú ẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Nínú àwòrán tọ́mọ náà mú wá, ojú ẹ̀ le koko bí ẹni tó jẹ orógbó.

Mo bá dìde. Mo ní mo mọ ìdílé wọn, pé nígbà tí mò ń gbé ẹrù ní èápọ́ọ̀tù, àrọ́mọdọ́mọ ẹ̀ sunkún sí mi léjìká: ọjọ́ tí bàbá ńlá wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àga ni ìyàwó ẹ̀ kẹ́rù jáde, tí àwọn màlúù ẹ̀ ò ṣe wàrà mọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni ọmọ náà wí. "Kò fẹ́yàwó, kò sì bímọ."

Ẹ̀rín bú. Obìnrin kan láti Old Trafford, ẹni tó máa ń se oúnjẹ ìpàdé, nu ojú ẹ̀. "Alága wa, ṣé ọdún kan tiyín ò tíì pé ni?"

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká máa pààrọ̀ alága nawọ́. Gbogbo wọn nawọ́, àfi èmi. Ọdún kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, obìnrin yẹn ló sì kọ́kọ́ kàn.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìdí ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí láàárín àwọn tó pẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ gùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Ẹ nawọ́ ná, Bàbá," ni alága tuntun wí. "Ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."