Kì Í Ṣe Torí Fùfú Ni Mo Ṣe Di Imú

Ẹ gbà mí o, mímí lásán ti dá ìjà sílẹ̀ fún mi ní kọ́ḿpáǹdì wa ní Okokomaiko láàárọ̀ yìí!

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi ní yoga, eré ìdárayá kan tí wọ́n ń fi mímí ṣe. Màá di ihò imú kan, màá fi ìkejì mí, màá tún pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní ọkàn mi máa balẹ̀. Mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé Ìyá Ṣadé, aládùúgbò mi tó ń ta fùfú, ti jókòó síwájú mi, tí wọ́n ń sẹ́ fùfú.

"Ṣé fùfú mi lo ń di imú sí?"

"Rárá mà! Eré ìdárayá ni. Mo di tọ̀tún, ó ku tòsì."

"O tún ń pààrọ̀ ẹ̀! Àbí o fẹ́ mọ ihò tó ń gbóòórùn ẹ̀ jù ni?"

Gbogbo ilé jáde. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ìyá Ṣadé wọlé, wọ́n gbé fùfú gbígbóná jáde, wọ́n gbé e sábẹ́ imú mi.

"Ó yá, mí. Ihò méjèèjì o!"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ yoga tí wọn kì í fi imú ṣe?