Màmá Tó Ń Sin Ẹja Òkun

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń gbé ilé kan ní àdúgbò Alágbàká, fi ń kan gíláàsì àpótí ẹja òkun wọn, bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Èmi náà ń sin ẹja òkun, ṣùgbọ́n tèmi ń kú, tiwọn ń dán. Mo jowú wọn débi pé mo gbàdúrà kí tiwọn náà kú.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń mú omi ẹja wa tutù dákẹ́, omi sì ń gbóná. Màmá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n fún mi ní ike omi dídì méjì.

“Má ṣí i o, kó má baà da pọ̀ mọ́ omi iyọ̀ ẹja rẹ. Jẹ́ kó léfòó, kó máa mú omi náà tutù díẹ̀díẹ̀.”

“Tiyín ńkọ́, mà?”

“Mẹ́rin ni mo rí rà l'Ọ́jà Ọba. A pín in.”

Ẹja àwa méjèèjì yè. Ojú tì mí, síbẹ̀ owú ò tán: ìwà wọn ni mo wá ń jowú báyìí.