Orúkọ Tí Nàfísà Yọ Kúrò

Bí ẹ bá dé Alabar ní Kumasi, tí ẹ béèrè Nàfísà tíṣà, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé Nàfísà wo, nítorí orúkọ náà pọ̀ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní èyí tó ń kọ ìwé, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ilé wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ débi pé wọ́n ti fi ṣe àwàdà. Ràzíátù tó ń ta kókò, ìyẹn ògì gbígbóná, lẹ́nu ọ̀nà wọn a máa ké sí i láràárọ̀ pé, "Sister, book no aba?", pé ṣé ìwé náà ti dé. Nàfísà náà a máa dáhùn pé, "Ó ń bọ̀, ó ti dé Adum," ìyẹn àárín ìlú níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ìwé ńlá kan. Àkọsílẹ̀ ìwádìí ni, tí jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ máa ń gbé jáde, yóò tẹ̀ bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni Nàfísà ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-kéwú Àfáà Jùnáídù kì í bẹ̀rù láti kàwé sókè ní kíláàsì. Bí wọ́n bá ṣì í kà, wọ́n á tún un kà, ojú kì í tì wọ́n. Àwọn yòókù a máa fi ìwé bojú. Nàfísà fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àfáà Jùnáídù yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, wàláà rẹ̀ ni Nàfísà fúnra rẹ̀ fi kọ́ kéwú nígbà tó wà ní kékeré.

Ohun tó rí níbẹ̀ ló di ìwádìí. Àfáà kì í wo ọmọ tó bá ń kà fún un. Bí ọmọ bá ti jókòó pẹ̀lú wàláà, Àfáà á kẹ̀yìn sí i, á kọjú sí ògiri, etí nìkan ni yóò fi máa bá a lọ. Ó ní bí òun bá ń wo ojú ọmọ, òun á rí bàbá rẹ̀, òun á rántí ẹni tó gbé iṣu wá àti ẹni tí kò gbé nǹkan kan wá, kéwú á sì di ọ̀rọ̀ ojú. Ìgbà tí ọmọ bá kà á tán ló tó ń yí padà, tí yóò béèrè pé, "Ta ló kà á?" Ọmọ á dárúkọ ara rẹ̀, á sì dárúkọ àwọn tí ẹ̀kọ́ náà ti ọwọ́ wọn wá: "Ànwár ni. Ọ̀dọ̀ Àfáà Jùnáídù ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Àfáà Sáláwù." Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá kéwú tí kò lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbọ́ ọ, olè ni wọ́n kà á sí.

Àwọn ọmọ tó ń dárúkọ Àfáà Sáláwù yìí kò mọ̀ ọ́n rí. Ará Ìlọrin ni. Lọ́dún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn, ó di ẹrù, ó fi àwọn wàláà rẹ̀ lé Jùnáídù tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà lọ́wọ́, kò sì padà wá mọ́. Kò bímọ sí Kumasi, kò kọ́lé síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹnu àwọn ọmọ kékeré wọ̀nyí, kò sẹ́ni tí ì bá máa pe orúkọ rẹ̀ ní Alabar mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Nàfísà lọ bẹ Bàbá Àgbà pé kó jẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìwádìí, ohun kan ṣoṣo ni bàbá béèrè, pé kí orúkọ Sáláwù wà níbẹ̀. Nàfísà ní ó ti wà níbẹ̀ tán. Ẹ ò rí i, ìlérí kì í wúwo lẹ́nu.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ṣe ohun tí ọmọ ilé-kéwú nìkan lè ṣe. Lójú ewé àkọ́kọ́, kó tó sọ ohun tí ìwádìí dá lé lórí rárá, ó to orúkọ sílẹ̀: èmi Nàfísà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Àfáà Jùnáídù ti Alabar, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Àfáà Sáláwù ti Ìlọrin, ó sì ń tò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Olóòtú jọ́nà kò tilẹ̀ fi han ẹnikẹ́ni kó tó dá a padà. Ó fèsì pẹ̀lú sùúrù pé àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kò gbọdọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Kó yọ gbogbo orúkọ kúrò, kó tún un fi ránṣẹ́.

Akua, tí òun àti Nàfísà jọ jẹ́ tíṣà, tí jọ́nà sì ti tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ rí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ei, Nafisa, wo deɛ!" ó ní, pé ìwọ yìí náà! "Ṣé jọ́nà lo ń kọ̀wé sí ni, àbí àna tó wá tọrọ ìyàwó?"

Ní ilé Akua ní Fante New Town ni wọ́n ti jọ tún fáìlì náà ṣe. Alabar di àdúgbò àtijọ́ kan nínú ìlú ńlá kan. Àfáà Jùnáídù di Olùkọ́ Kìíní. Àfáà Sáláwù di olùkọ́ kan tó ti ṣáájú. Orúkọ Nàfísà alára kúrò lójú ewé àkọ́kọ́. Bí ó ti ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún Akua.

"Ó ti parí," Akua ní. "Ó kù kó o tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ."

Nàfísà ní ó di ẹ̀yìn ìgbà tí òun bá kà á fún Bàbá Àgbà. Òun ló ti sọ fún bàbá lẹ́nu ara rẹ̀, bí òfin ìwádìí ṣe ní kí wọ́n máa sọ, pé ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá sì gbà á padà, iṣẹ́ ọdún wọ̀nyí ti dòfo, nítorí kò sí nǹkan mìíràn nínú ìwádìí náà ju ohun tí bàbá ń ṣe àti ohun tó sọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, ó kúnlẹ̀ kí bàbá.

"To, madalla," ni bàbá wí, pé ó dára. "Jókòó. Kà á."

Ó sì kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ògiri. Nàfísà ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí Yorùbá bí ó ti ń kà á lọ. Bàbá ń mi orí. Ibi kan tilẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè.

"Ta ni Olùkọ́ Kìíní?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi? Ta wá ni Ìkejì?"

"Kò sí Ìkejì, Bàbá."

"Sáláwù ńkọ́?"

"Mo kọ ọ́ pé olùkọ́ kan tó ti ṣáájú. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Bàbá ní kó máa kà á lọ. Gbogbo rẹ̀ ni Nàfísà ti ní òun á kà, ó sì kà á tán lóòótọ́, títí dé ìparí, níbi tí orúkọ àwọn onímọ̀ tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ wà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn tí mo mú ọ̀rọ̀ nínú ìwé wọn ni, Bàbá."

"Ẹnu èmi náà lo ti mú ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí orúkọ tiwọn kò kúrò?"

Ojú ti Nàfísà, nítorí òótọ́ ni bàbá sọ.

"N kò bá ọ jà o," ni bàbá wí, kò sì yíjú padà. "Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí kò lórúkọ olùkọ́, ọmọ àlè ni. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Ẹlòmíràn ì bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó sá lọ pe àwọn àgbà ilé wá bá a bẹ̀bẹ̀. Nàfísà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá," ó sì ń pa kọ̀ǹpútà dé. Ó dùn ún wọra. Omi ti gbà á lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn bàbá ló wà níwájú rẹ̀, bàbá kò rí i.

"Wọn ò ní fìyà jẹ ọ́?" ni bàbá béèrè. "Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

"Kò sí orúkọ mi níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní kí n yọ tèmi náà."

"Tìẹ? Ìwọ tó o kọ ọ́?"

"Ẹ̀n, Bàbá. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá mọ̀ ọ́n, àwọn lè ṣe ojúsàájú."

Bàbá ń wo ògiri tó ti ń wò láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Àṣé wọ́n kẹ̀yìn sí ọ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi a máa yí padà ní tèmi. Àwọn ńkọ́?"

Nàfísà kò fẹ́ ṣe ìlérí mìíràn tí yóò wúwo jù fún un. "Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á fi orúkọ mi sí i. Ní ti ẹ̀yin àti Àfáà Sáláwù, ojú ewé ìdúpẹ́ kan wà. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ fẹ́ hàn, màá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè kọ̀. Ó sì lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọdún kan jìnnà sí èmi, Nàfísà."

Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀mí bàbá á gùn, ṣùgbọ́n àdúrà nìyẹn, kì í ṣe èsì.

"Fi ránṣẹ́," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ yín padà."

"Mo tún fún ọ. Àbí òfin yín kò gba ìyẹn?"

Nàfísà ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Alabar ṣe bí ó ti máa ń ṣe, ó rò ó, ó tún un rò, kó tó wá gbé e lọ. "Ó ti lọ, Bàbá."

Ìgbà náà ni Bàbá Àgbà yí padà lórí ẹní rẹ̀, bí ó ti máa ń yí padà sí àwọn ọmọ, ó sì wò ó lójú.

"Ta ló kọ ọ́?"

Láti ìgbà tí Nàfísà ti wà ní kékeré ni kò ti sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn. "Nàfísà ni," ó ní. "Ọ̀dọ̀ Àfáà Jùnáídù ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Àfáà Sáláwù."

"Parí ẹ̀."

Ó parí rẹ̀. Ó dárúkọ gbogbo wọn, láti Kumasi títí dé Ìlọrin, kò fo ẹnì kan.

"Má gbàgbé wọn o," ni bàbá wí. "Bí àwọn oníjọ́nà yẹn kò bá yí padà, ìwọ ṣáà máa dáhùn."