Ọwọ́ Ta Ni Sìdíkátù Ti Gba Wíírídì?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Sìdíkátù, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ́dá ló ti ń ránṣọ. Lọ́dún 1991, àìsàn mú ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo lọ. Látìgbà náà, ó lè jókòó ti máṣíìnì láàárọ̀ kí ilẹ̀ ṣú, kó má tíì rán nǹkan kan. Àsìkò yẹn ni Bàbá Hàrúnà gbé sòkòtò tó ya wá fún un pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́.

Bàbá yìí ń ṣa irin àti ìgò lórí ààtàn ńlá tó wà n'Ígàndò. Èéfín ibẹ̀ ti wọ aṣọ rẹ̀ débi pé kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó wo ojú aránṣọ náà títí.

"Ta ló kú?" ló bi í.

Sìdíkátù bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, yóò máa sọ ìtàn àwọn ẹni Ọlọ́run fún un. Ó sọ ti Ràbíátù ará Básírà, ẹrú tí wọ́n tà, tó ní òun ò torí iná sin Ọlọ́run, òun ò sì torí ọgbà ìdẹ̀ra, bí kò ṣe nítorí ìfẹ́. Ó sọ ti Ṣéèhù Àmódù Tíjánì, tó dá ọ̀nà ìjọsìn Tíjánì sílẹ̀, tí ibojì rẹ̀ wà ní Fẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ Mòrókò, àti ti Ṣéèhù Ibrahim ará Káólákì ní Sẹ̀nẹ̀gà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ilẹ̀ wa gba ọ̀nà Tíjánì nípasẹ̀ rẹ̀.

"Àtọwọ́dọ́wọ́ ni ọ̀nà yìí," ni Bàbá máa ń wí. "Èèyàn kì í ṣà á nílẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan lo máa ti gbà á, òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan, títí yóò fi kan Ṣéèhù."

Wọ́n ti yọ̀ǹda fún Bàbá ní Kánò láti máa fún èèyàn ní wíírídì, ìyẹn àdúrà àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ mọ́. Ó fún Sìdíkátù. Díẹ̀díẹ̀, oorun padà sójú obìnrin náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí máṣíìnì.

Orin yẹn ló gbé e dé iwájú. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Tíjánì ní Ìpájà fẹ́ràn ohùn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi í jẹ Ìyá Àdínì wọn. Ọjọ́ Mọ́lúdì ọdún 1996 ni wọ́n dá fún un. Àáfà tó wá ṣe wàásù pè é síta.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ọwọ́ ta ni ẹ ti gba wíírídì?"

Sìdíkátù gbójú sókè. Ìhín lééṣì funfun, ọ̀hún góòlù. Lẹ́yìn pátápátá, ó rí Bàbá Hàrúnà tó ń bomi sí búta àlùwàlá fáwọn àlejò. Bàbá ti gbọ́ ìbéèrè náà. Ó ti dáwọ́ dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọwọ́ Ṣéèhù Yúsúfù ni, n'Ílọrin," ni Sìdíkátù wí. Àáfà olókìkí kan tó ti dolóògbé ni, Sìdíkátù kò sì fojú kàn án rí.

Ariwo ta. Oníwàásù ní kí gbogbo èèyàn bá a gbàdúrà fún olùkọ́ rẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Bàbá Hàrúnà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, òun náà ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bomi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sìdíkátù mú tẹ̀sùbáà, ó ń ṣì í kà. Bàbá kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Tí Sìdíkátù bá rí arúgbó kan tó ru àpò lọ́ọ̀ọ́kán, yóò yára wọlé, ojú yóò máa gbà á tì. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín tí ẹnikẹ́ni ò rí ńkọ́, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń gbé e kiri?

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó wá Bàbá lọ sórí ààtàn, ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Ó dùn mí," ni Bàbá wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí gan-an." Ó wúkọ́. "Ṣé mo sọ iṣẹ́ ẹni tó fún mi ní tèmi fún ọ rí?"

"Rárá, sà. Ẹ kàn ní ọkùnrin kan ní Kánò."

"Ó ń ru omi tà ni. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tó o dárúkọ ará Ìlọrin yẹn, alómi tà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn."

"Màá sọ ọ́ ní gbangba, Bàbá."

"Ìyẹn dọwọ́ ẹ."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣe síkírì, ìyẹn ìrántí orúkọ Ọlọ́run, tán, Sìdíkátù kò lè lanu. Jímọ̀ mìíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó fi máa ṣọkàn akin, àwọn ọmọ Bàbá ti gbé e lọ sílé ní Ṣakí nítorí ikọ́ náà. Ó dìde ṣá.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Bàbá Hàrúnà, tó ń ṣa ìgò lórí ààtàn Ìgàndò, ló fún mi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Alhaja Fàúsátù, tó jẹ́ olórí wọn, gbá ọwọ́ pọ̀.

"Orí ààtàn kẹ̀? Ẹ ò bá kúkú dákẹ́, jàre!"

Wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún ẹlòmíì. Àdíját, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń jókòó, sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sìdíkátù gbé ojútì náà jókòó títí wọ́n fi túká.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Ó bá Bàbá lórí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù.

"Mo ti sọ ọ́, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní kó sún mọ́ òun, káwọn jọ ka wíírídì ìrọ̀lẹ́. Sìdíkátù ń kà á tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú arúgbó náà títí wọ́n fi kà á tán.