Àwọn Orúkọ Inú Ọrùn Aṣọ Opó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn eré olórin tí wọ́n ń pè ní Opó Ò Kó Jáde, kó má wulẹ̀ lọ bi olùdarí rẹ̀, irọ́ ni yóò pa fún un. Kó má bi àwọn òṣèré náà, torí olúkúlùkù wọn ló gbà pé òun nìkan ló ṣe eré ọ̀hún, pé àwọn yòókù kàn ń bá òun di àyè mú ni. Yàrá aṣọ ni kó lọ, lẹ́yìn ìtàgé, níbi tí òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti ti páúdà ti gba gbogbo afẹ́fẹ́, kó béèrè Ìyá Aláṣọ.

Ìyá Aláṣọ ló ń tọ́jú aṣọ àwọn òṣèré láti ọjọ́ tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí. Obìnrin kúkurú tó sanra díẹ̀ ni. Tépù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ kì í wọ́n láyà aṣọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju gbogbo wọn lọ.

Inú ìwé ni wọ́n ti yọ eré náà, ìwé nípọn kan tí gbogbo èèyàn rà tí ẹnikẹ́ni ò kà tán. Ìtàn opó adájọ́ kan ni, tí àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde nínú ilé, tó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó, tó ní ẹsẹ̀ òun ò ní yẹ̀ níbẹ̀. Olùdarí ka ìdajì ìwé, ó fi orin mẹ́rìnlá sí i, ó ní ó ti di eré. Ẹni tó kọ ìwé náà wá wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì sùn lọ. Nígbà tí àtẹ́wọ́ jí i, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sórí ìwé ìpolówó títí di òní.

Aṣọ kan ṣoṣo ni Opó ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: aṣọ àrán aláwọ̀ aró, gígùn dé ilẹ̀, bọ́tìnì méjìlélógún lẹ́yìn. Télọ̀ kan tó ti kú ló rán an. Ìyá Aláṣọ kò mọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe gé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jẹ́ kí ó bá gbogbo ará mu. Bí Opó tuntun bá sanra, á tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ kó lè fẹ̀. Bí ó bá tín-ín-rín, á tún un rán kó lè fún. Ó ti tú u, ó ti rán an, débi pé ó lè fi ojú dídì tọ́ka ibi tí ìdí Opó kẹta mọ.

Ó wá ní òfin kan. Ẹni tó bá wọ aṣọ Opó, Ìyá Aláṣọ á kọ orúkọ rẹ̀ sára ìrépé aṣọ funfun, á sì rán an mọ́ inú ọrùn aṣọ náà. Ṣùgbọ́n kò ní rán an títí olúwarẹ̀ yóò fi kọrin nínú rẹ̀ lójú àwọn òǹwòran láti orin kìíní dé ìkẹrìnlá. Ìdánrawò ò kà. Ìlérí ò kà. Opó keje dákú lórí orin kejì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìrépé tirẹ̀ fi sùn nínú agolo bọ́tìnì. "Ẹ kọrin tán ná," ni Ìyá Aláṣọ wí, "ẹni tó dákú náà ò mọ̀ bóyá òun wọṣọ."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mẹ́jọ ṣe wà nínú ọrùn aṣọ náà, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dé. Ìkẹsàn-án wà nínú agolo bọ́tìnì, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Orúkọ tí ìyá Ìyá Aláṣọ sọ ọ́ ló wà lára rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ní ọdún kẹfà eré náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, ohùn Opó kẹrin há. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ẹni tó yẹ kó dípò rẹ̀ wà ní yàrá ìgbẹ̀bí, níbi tí òun náà ti ń pariwo, àmọ́ kì í ṣe orin. Àwọn òǹwòran ti jókòó, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré, agboòrùn wọn ń ro omi sílẹ̀. Olùdarí já wọ yàrá aṣọ, òógùn bò ó.

"Ìyá, ẹ mọ àwọn orin yìí, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló máa ṣe mí tí mi ò ní mọ̀ ọ́n? Ọdún mẹ́fà lẹ ti fi ń pariwo rẹ̀ sí mi létí."

"Ẹ wọṣọ."

Ogún ìṣẹ́jú ló fi tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, òun fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń bú ara rẹ̀ bó ṣe máa ń bú àwọn yòókù pé ẹ̀kọ rẹ ti ń pọ̀ jù. Ó jáde. Ó jókòó sórí àga. Ó kọ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, títí kan ẹsẹ̀ kẹta orin àga, èyí tí Opó gbọ́dọ̀ kọ tán lórí èémí kan ṣoṣo, tí ojú gbogbo wọn máa ń pọ́n nídìí rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, àwọn èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n dìde dúró. Obìnrin kan ń sunkún nílà iwájú. Inú Ìyá Aláṣọ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀rù bà á.

Olùdarí ò kéde fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ti pààrọ̀ Opó. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kó parí síbí," ó wí, "wọ́n á ní aláṣọ ló ń ṣeré fún wa." Àmọ́ oníwèé ìròyìn kan ti sá òjò wọlé lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé Opó kẹrin kọrin bí òun ò ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òótọ́ pọ́ńbélé ló kọ. Opó kẹrin, tó ti wà nílé tó ń mu omi gbígbóná, gé ìwé ìròyìn náà, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ìyá Aláṣọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe, kì í sì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá tú u palẹ̀.

"O kọrin?" ó wí. "Ẹ̀rí dà?"

"Bàbá, mo ní àwọn èèyàn dìde!"

"Bóyá wọ́n ń lọ sílé ni."

Nítorí náà ló ṣe ju ìrépé rẹ̀ sínú agolo. Ó ti gé e, ó ti kọ ọ́, òfin tirẹ̀ gan-an sì fọwọ́ sí i, àmọ́ ojú ń tì í láti rán an. Kò pẹ́ tí Opó karùn-ún fi dé, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ lónìí, tí a ó máa pè ní Gbajúmọ̀. Èémí Gbajúmọ̀ ò tó ẹsẹ̀ kẹta náà. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà kúrò nínú orin, wọ́n ní àkókò ló kúrú.

Ìgbà tí eré pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni olùdarí ní kí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n á rán aṣọ tuntun fún Opó kẹsàn-án, wọ́n á sì gbé ti àtijọ́ sínú àpótí gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Oǹkọ̀wé tí wọ́n háyà gbọ́ tẹnu àwọn Opó fún ọjọ́ mẹ́ta, orí fọ́ ọ. Márùn-ún nínú wọn ló ní òun lòun kọ́kọ́ ṣe é. Ó ní ó tán, inú ọrùn aṣọ lòun máa wò. Òun á wá ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú, bó bá sì ṣe wà níbẹ̀ lòun máa kọ ọ́.

Ni àwọn Opó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí Ìyá Aláṣọ. Àwọn tí kò kí i láti ọdún pípẹ́ ń béèrè orúnkún rẹ̀. Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ wá, ó gbé ìpara ọwọ́ olóòórùn dídùn dání.

"Ìyá wa, ẹ kàn gbé tèmi lọ sókè díẹ̀. Ta ló mọ eré yìí kí n tó dé?"

"Èmi ni," ni Ìyá Aláṣọ wí. Ó gba ìpara náà. Kò gbé nǹkan kan sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ọ̀sán ṣe ń lọ, Opó kìíní wọlé, ó fi awò dúdú bojú. Olùkọ́ àgbà ilé ìwé ńlá kan ni báyìí. Ìyá Aláṣọ rò pé òun náà wá dá ipò rẹ̀ dúró ni, ó sì ti ń ṣí ẹnu láti sọ pé kò séwu.

"Ẹ bá mi yọ ọ́," ni olùkọ́ àgbà wí.

"Kí n yọ kí ni?"

"Orúkọ mi. Lọ́dún tí mo ń kọrin níbí, mo sọ fún àwọn àna mi pé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo wà. Ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé, Ìyá. Ó ń fi mí bú àwọn ìyàwó yòókù."

Ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi kúnlẹ̀. Ìyá Aláṣọ mú sísọ́ọ̀sì kékeré, ó tú ìrépé àkọ́kọ́ náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ àgbà wò ó pẹ́, ó ká a sínú báàgì, ó sì lọ.

Ojú ibi tó ti kúrò ṣófo lókè pátápátá, ihò abẹ́rẹ́ yí i ká. Oǹkọ̀wé á béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá Aláṣọ jókòó ti aṣọ náà. Ó mọ̀ pé àyè òun gan-an wà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún, àmọ́ ibẹ̀ ò gba ìka ọwọ́, ọ̀la sì ni fọ́tò. Ó wu ú. Ó wu ú débi tó fi ń dùn ún láyà. Ó ṣí agolo bọ́tìnì, ó yọ ìrépé rẹ̀ tó ti pọ́n, ó sì rán an sókè, ojú rírán wẹ́wẹ́, àní òun, obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá gbogbo ayé jà lórí ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé. Ọkọ rẹ̀ fi awò tó fi ń wo inú aago sójú kan, ó ń kà á sókè nídìí tábìlì:

"'Aṣọ àrán tó lókìkí yìí, iṣẹ́ ọwọ́ aránṣọ ilé ìṣeré náà ni. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo télọ̀ ṣe máa ń ṣe, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sókè pátápátá nínú ọrùn aṣọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn obìnrin méje tó ti ṣe Opó wà.'"

Ó sọ awò kalẹ̀. "Ìyàwó mi! Wọ́n dárúkọ rẹ! Èyí ni ẹ̀rí!"

Ìyá Aláṣọ nawọ́ sí i. Ó gba ìwé náà. Wọ́n ti sọ Opó kejì di ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn ọjọ́ òjò wà níbẹ̀ lódindi, fọ́tò Opó kẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ kẹta orin àga ti sọnù, pé kò sí Opó kan tó rántí rẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín lọ, omi ojú ò lọ. Èyí tó ṣe, wọn ò mọ̀. Èyí tí kò ṣe, òkú télọ̀ ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ọkọ rẹ̀ ti gbé ìwé náà jáde láti fi han àwọn ará ilé kejì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Opó kẹsàn-án wá wọn aṣọ tuntun. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ti ka ìwé náà tán, ohun tí ẹnì kankan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò tíì ṣe. Ó dúró lórí àpótí, ó na apá méjèèjì, Ìyá Aláṣọ kúnlẹ̀ ó ń fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ.

"Ìyá, mo kà á pé ẹ̀yin lẹ rán ti àkọ́kọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Mi ò rán an. Mo wọ̀ ọ́ ni."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ò ní pa mí!"

Ìyá Aláṣọ bá a rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ ọn lára. Ó ní kó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin àga lórí ìkúnlẹ̀. Ó kọ ẹsẹ̀ kìíní. Ó kọ ẹsẹ̀ kejì, ibi tí gbogbo wọn ń parí rẹ̀ sí. Ó mí sínú, ó sì wọ ìkẹta lọ lórí èémí kan:

Ẹ gbé ilé, ẹ gbé ilẹ̀kùn,
ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i;
ibi tí mo jókòó sí yìí
kò sí nínú ìwé ìpíngún yín.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọmọ náà. Apá rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ìwé ní kò sẹ́ni tó rántí ẹsẹ̀ yẹn mọ́," ó wí.

"Ìwé yẹn náà ló ní mo rán aṣọ."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, aṣọ àrán tuntun ká a mọ́lẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́, Ìyá, kí làwọn èèyàn ṣe?"

Ìyá Aláṣọ fẹ́ bú u pé ó ń rún aṣọ. Kò lè bú u. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tí kò béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n dìde," ó wí. "Gbogbo àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n."